Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn Ló Ń Di Iná, Kì Í Ṣe Ooru Rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ nípàdé wa tó kọjá tí mo ní kí n kọ sílẹ̀, torí pé owó ńlá wà nídìí ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja tútù l'Ọ́jà Àtàkúmọ̀sà dìde, ó ní òun fẹ́ fi owó àjọ tó kan òun ra sólà. Ó ní ẹ wo bí oòrùn Iléṣà ṣe ń jó wa lórí, tí òun bá ti gbé sólà sórí páànù ìsọ̀ òun, bó bá ṣe ń gbóná tó náà ni iná á ṣe máa pọ̀ tó. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ooru kọ́ ló ń mú iná jáde lára sólà, ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yẹn lè fi owó òwò ẹ̀ ra ohun tí kò ní gbé e dé ibi kankan.

Ká sòótọ́, àwa ti ń lo oòrùn kí ẹnikẹ́ni tó gbé sólà dé. Òun la fi ń sá èlùbọ́ àti orúnlá, òun làwọn aláró Òṣogbo fi ń gbẹ àdìrẹ. Níbẹ̀ yẹn, ooru àti atẹ́gùn ló ń bá wa ṣiṣẹ́. Ti sólà yàtọ̀, ká tó lè mọ bó ṣe yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí oòrùn fúnra ẹ̀ jẹ́.

Oòrùn jìnnà sí wa tó nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 150. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò lára ẹ̀ máa ń lo ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó bà lé páànù wa. Ojú oòrùn gbóná tó dígíríì 5,500. Omi tó ń hó tí a fi ń ro àmàlà, 100 péré ni. Tipẹ́tipẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ohun kan náà tí ilẹ̀ ayé jẹ́ ni oòrùn jẹ́, pé irin àti òkúta tó ń jó ló pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan ló tú u fó. Cecilia Payne lorúkọ ẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ń kàwé ní Harvard l'Amẹ́ríkà. Ní 1925 ó fara balẹ̀ wo ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀, ó sì rí i pé háídírójìn ló pọ̀ jù lára wọn, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀gá àgbà kan, Henry Norris Russell, sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Obìnrin náà bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ó dà bíi pé ohun tí òun rí yìí kì í ṣe òótọ́. Nígbà tó di 1929, ọ̀gá yìí kan náà wá wádìí ẹ̀ lọ́nà tiẹ̀, ó rí i pé òótọ́ lọmọbìnrin náà sọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín rí níwájú àwọn ọkùnrin, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Háídírójìn yìí ni oòrùn ń lọ̀ nínú ikùn ẹ̀, tó ń di afẹ́fẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní hílíọ̀mù. Ní ìṣẹ́jú àáyá 1, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 600 ló ń lọ̀. Ẹ fi wé ẹni tó lọ àgbàdo kóńgò 600, tó wá wọn ògì ẹ̀ tó bá 596. Kóńgò 4 tó dín yẹn kò ṣègbé, òun ló di ìmọ́lẹ̀ tó ń mọ́lẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ìmọ́lẹ̀ yìí ni pátákó sólà ń gbà. Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ṣe é, inú yanrìn ni wọ́n sì ti ń yọ sílíkọ́nì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lù ú, á ta àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan jí nínú ẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yẹn ló ń sáré gba inú wáyà tí a ń pè ní iná. Ọdún 1954 làwọn ọkùnrin mẹ́ta ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà ṣe àkọ́kọ́ tó wúlò. Nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá bà lé e, bíi 6 péré ló ń sọ di iná. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí ń sọ 20 sí 23 di iná, àwọn onímọ̀ sì ti ṣe èyí tó ju 34 lọ nínú yàrá ìwádìí wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Owó ẹ̀ náà ti já wálẹ̀ gan-an: ní 1977, wáàtì 1 tó bíi dọ́là 76, lónìí kò tó dọ́là 1 rárá.

Ooru wá ńkọ́? Ọ̀tá pátákó ni. Bó bá ti gbóná ju dígíríì 25 lọ, dígíríì kọ̀ọ̀kan tó gùn ún ń gé díẹ̀ kúrò nínú iná tó yẹ kó mú wá. Pátákó tó lẹ̀ mọ́ páànù lọ́sàn-án gangan lè gbóná dé 60, nígbà yẹn á ti pàdánù bíi 10 sí 14 nínú 100. Bó bá dà bí àsọdùn létí yín, ẹ gbọ́ ti ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Parker. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi í ránṣẹ́ sí oòrùn lóṣù kẹjọ ọdún 2018. Nígbà tó fi máa di December 24, 2024, ó ti sún mọ́ oòrùn débi tí ó fi ku kìlómítà mílíọ̀nù 6.1 péré, kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn ṣe tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Iná sólà ni ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀ ń lò. Síbẹ̀, omi ni wọ́n fi ń tu pátákó ẹ̀ lára, bó bá sì ti dé itòsí oòrùn, á ká wọn pamọ́ sẹ́yìn apata tó fi bojú. Bí ẹni tó dé iwájú oòrùn bá ń sá pátákó ẹ̀ kúrò nínú ooru, kí ni ká sọ nípa tiwa lórí páànù? Ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín kó fi irin gbé e sókè díẹ̀, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun gbogbo wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Òṣogbo wa níbí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, níbí ni ilé ìdarí iná orílẹ̀-èdè wà. Ẹni tó ń darí iná fún Kánò àti Èkó, inú òkùnkùn ló ń palẹ̀ ọjà ẹ̀ mọ́! Lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè dà wó lẹ́ẹ̀kan náà. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n gbé yúnìtì 1 dé ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún 2023 ti kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń fi bú aládùúgbò wá ń jẹ èrè ọjà mọ́ wa lọ́wọ́, èéfín ẹ̀ sì ń pa èèyàn tó bá tì í mọ́ ìsọ̀.

Ìṣirò ló kù, kò sì le ju ìṣirò àjọ lọ. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní iye wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ fi wákàtí tí ẹ máa lò ó lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní ẹnìkan ń ta pirofísọ̀n n'Ígbóǹa: gílóòbù 4, wáàtì 10 ìkọ̀ọ̀kan, wákàtí 4, ó di 160. Fáànù wáàtì 50, wákàtí 8, ó di 400. Fóònù tó ń gba iná, ẹ fi 40 sí i. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 600. Lọ́dọ̀ wa, ẹ ka oòrùn tó péye sí bíi wákàtí 4 lóòjọ́. Pátákó wáàtì 200 á mú 800 wá, bíi ìdá mẹ́rin kan á ṣòfò sínú wáyà, bátìrì àti ìńfátà, á ku 600. Bátìrì olómi 12 fọ́ọ̀tì, 100 áḿpù, gba 1,200, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀ péré ni kí ẹ máa lò bí ẹ ò bá fẹ́ kó tètè kú. Ó ṣe rẹ́gí.

Ti ẹlẹ́ja yàtọ̀. Fírísà tí kò tóbi púpọ̀ lè jẹ 2,000 lóòjọ́. Pátákó wáàtì 400 méjì ló máa gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ronú kẹta fún oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run ń ṣú. Bátìrì líthíọ̀mù ló yẹ ẹ́, torí fírísà kì í sùn lóru. Ó wọ́n ju olómi lọ lójú, àmọ́ èèyàn lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó tún un gba iná, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Ẹ̀rọ ata ńlá, ẹ má tilẹ̀ fi sí i. Ẹṣin 5 jẹ́ wáàtì tó lé ní 3,700, ìgbà tó bá ń ta gìrì dìde gan-an á tún bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi tó ń kọ èyí ti jìn sí kòtò náà rí. Ẹnìkan tí mi ò ní dárúkọ tà mí ní pátákó kan, wọ́n kọ wáàtì 300 sí i lára, ó ní á gbé fírísà mi. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni fírísà dákẹ́. Páálí kótè méjì ló jẹrà, adìẹ tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé ká ní mo gbé okùn ìwọnṣọ lọ ni, mi ò bá ti mọ̀ pé irọ́ ni. Oòrùn ọ̀sán gangan ń gbé bíi wáàtì 1,000 wá sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú àti lóròó. Bí pátákó tó dára bá ń sọ 20 sí 23 nínú 100 di iná, èyí tó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú lóròó ò lè kọjá 200 sí 230. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀ ní fífẹ̀, 300 ni wọ́n kọ sí i. Pátákó 400 gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, ó wúwo tó bíi kílò 20. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e wò, kí ẹ tó kówó lélẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi omi àti àkísà rírọ̀ nù ún láàárọ̀. Ẹ má fi eérú tàbí kàn-ìn-kàn-ìn ha á.

Kì í ṣe dandan kí kálukú dá tiẹ̀ rà. Ní Sábọ̀n Gàrí ní Kánò, abẹ́ ètò tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọjà ni wọ́n ti gbé iná sólà wọ àwọn ìsọ̀, oníṣọ́ọ̀bù ń san èyí tó bá lò. Ní Òwèrrì, ilé-iṣẹ́ ColdHubs kọ́ yàrá òtútù tó ń lo sólà sínú ọjà. Alátà tàbí elẹ́fọ̀ọ́ á gbé kéréètì ẹ̀ wọlé, á san owó kéréètì lóòjọ́, ọjà tó yẹ kó bàjẹ́ lọ́jọ́ 2 lè pẹ́ tó ọjọ́ 21. Àwọn tòmátì tó ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì n'Ígbóǹa lọ́jọ́ tí ọjà ò bá yá, ẹ rò ó wò.

Ó tún ku àwọn tó ń ta sólà ní díẹ̀-díẹ̀, tí à ń fi fóònù san owó ẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ò ní bèèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn baba wa ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí owó bá pé wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí wọ́n á fi gbà á. Ibẹ̀ lorúkọ òṣómàáló ti wá. Sólà àwìn yìí, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ni òṣómàáló: lọ́jọ́ tí owó bá dákẹ́, á ti iná pa. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ṣírò àpapọ̀ gbogbo ohun tí ẹ máa san títí dé òpin, kí ẹ fi wé owó ojú ẹsẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja wa ti kọ tiẹ̀ wá: fírísà 1, gílóòbù 2, fóònù 1. Òun àti àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti ń dáwó jọ báyìí, àná ni wọ́n gun orí páànù lọ wọ̀n ọ́n.