Ṣé O Mọ̀? Atẹ́gùn, Ẹyẹ àti Omijé nínú Ewì Àwọn Romantic

Ṣé o mọ̀ pé akéwì tó kọ ọ́ pé òun nìkan ló ń rìn kiri lọ́jọ́ tí òun rí òdòdó daffodil kò dá rìn rárá? Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1802, William Wordsworth àti Dorothy, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé létí adágún Ullswater ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Atẹ́gùn ń fẹ́ kíkankíkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n pọ̀ lọ bẹẹrẹ ní etí omi. Dorothy ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́: ijó tí àwọn òdòdó náà ń jó, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, àwọn tó gbé orí lé òkúta bí ẹni tó rẹ̀. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà ni William tó sọ ọ́ di ewì. Àní ìlà méjì tí Wordsworth fúnra rẹ̀ sọ pé ó dára jù nínú ewì ọ̀hún, Mary ìyàwó rẹ̀ ló fún un. Láyé ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà há ewì yìí sórí láìfojú kan òdòdó náà rí, orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sì bá lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti dárúkọ Dorothy mọ́ ọn.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún ewì Romantic, ewì tó gbé ìmọ̀lára àti ìṣẹ̀dá lárugẹ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde láìní orúkọ òǹkọ̀wé kankan lára? Lyrical Ballads ni wọ́n pè é. Wordsworth àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Samuel Taylor Coleridge ló jọ kọ ọ́, ìlú Bristol ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1798. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1800, Wordsworth fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn kan sí i. Ó ní èdè tí ará oko ń sọ lẹ́nu tó láti fi kọ ewì. Ó tún ní ìmọ̀lára tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni ewì, ṣùgbọ́n kí akéwì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ ná, kó wá jókòó rántí ohun tó rí. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti ń sunkún lábẹ́ igi ti di akéwì Romantic nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ni Wordsworth sì fi ń kọ ewì. Thomas De Quincey, tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣírò pé ó ti rin tó 175,000 máìlì láyé rẹ̀. Ewì tó kọ nípa àgbègbè Tintern ní oṣù Keje 1798, ẹnu ìrìn lẹ́bàá odò Wye ló ti tò ó sínú orí. Ó di Bristol kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti Coleridge yàtọ̀. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tó kọ ewì olókìkí rẹ̀ nípa atukọ̀ tó pa ẹyẹ albatross, kò tíì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kankan rí? Inú ìwé àwọn arìnrìn-àjò ló ti kó yìnyín àti ìjì rẹ̀ jọ. Wordsworth, tó ti ka ìwé atukọ̀ kan, ló sì dábàá pé kí atukọ̀ inú ewì náà pa ẹyẹ. Ìgbà tó yá ni Coleridge fi ara rẹ̀ rí ewu inú ìṣẹ̀dá: ní oṣù Kẹjọ 1802, ó gba ojú àpáta sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Scafell, ó ń já bọ́ láti orí pèpéle òkúta kan sí òmíràn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbọ̀n, kò sì mọ bí òun yóò ṣe dé ìsàlẹ̀. Ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń wo ìkùukùu lókè, ó ń fi ohùn rara dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣé o mọ̀ pé òkè kan tó bú ní Indonéṣíà wà lára ohun tó bí ìwé Frankenstein? Ní oṣù Kẹrin 1815, òkè ayọnáyèéfín Tambora bú gbàù, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Èéfín imí-ọjọ́ rẹ̀ gòkè lọ, ó tàn ká ojú ọ̀run, ó ń dí oòrùn lọ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìgbà ooru kò dé ní Yúróòpù. Òjò àti òtútù ni, irè oko bàjẹ́, ìyàn mú ní Siwísálaǹdì. Ní àkókò yìí gan-an ni akéwì Lord Byron háyà ilé kan, Villa Diodati, létí adágún Geneva. Percy Shelley, akéwì bíi tirẹ̀, àti Mary, tí yóò di ìyàwó Shelley kí ọdún náà tó parí, ń gbé nítòsí. Òjò há wọn mọ́lé. Byron ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn iwin. Mary, ọmọ ọdún 18, bẹ̀rẹ̀ Frankenstein, ìwé tó jáde ní 1818. Byron ní tirẹ̀ kọ ewì nípa ayé tí oòrùn rẹ̀ kú pátápátá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé òkè kan ní ọ̀nà jíjìn ló fa ojú ọ̀run tó ṣú bò wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé òdòdó àti labalábá nìkan ni àwọn akéwì Romantic rí nínú ìṣẹ̀dá kò tíì ka èyí tí wọ́n kọ lọ́dún náà. Ẹ̀rù ìṣẹ̀dá bà wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé akéwì John Keats kọ́ṣẹ́ ìṣègùn? Ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ ọ, ó sì gbàwé àṣẹ apòògùn ní 1816 kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ewì. Òun ló tọ́jú àbúrò rẹ̀, Tom, títí ikọ́ ife fi pa á ní oṣù Kejìlá 1818. Nígbà ìrúwé tó tẹ̀lé e, ẹyẹ nightingale kan kọ́ ìtẹ́ sítòsí ilé tó ń gbé ní Hampstead. Charles Brown, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, sọ pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, Keats gbé àga kúrò nídìí tábìlì oúnjẹ lọ sábẹ́ igi kan, ó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ó sì wọlé padà pẹ̀lú tákàdá lọ́wọ́. Ewì ẹyẹ náà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ti Tom yóò mọ ìdí tí ewì tó ń yin orin ẹyẹ fi ń sọ̀rọ̀ ikú. Ní oṣù Kejì 1820, òun náà wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ojú oníṣègùn ló fi wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì mọ̀ pé òun kò ní yè é. Ó kú ní Róòmù ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 1821, ọmọ ọdún 25. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára òkúta ibojì rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n má kọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Shelley rì sínú òkun Ítálì, ìwé ewì Keats ni wọ́n sì bá lápò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn akéwì yìí kan àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní Áfíríkà? Ní 1792, Coleridge gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Cambridge fún ewì èdè Gíríìkì tó fi bẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú. Ní 1802, Wordsworth kọ ewì sí Toussaint L'Ouverture, aṣáájú àwọn ẹrú tó jà fún òmìnira ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tó di Haiti. Àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nago níbẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n tà sí erékùṣù náà. Napoleon ti ju Toussaint sẹ́wọ̀n ní Fort de Joux, ibi olótùútù ní orí òkè Faransé. Ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù Kẹrin 1803. Ohun tí Wordsworth sọ fún un ni pé afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti ojú ọ̀run yóò máa ṣiṣẹ́ fún un nìṣó. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ìṣẹ̀dá, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ṣé o mọ̀ pé alágbàṣe oko wà láàárín àwọn akéwì Romantic? John Clare ni, ọmọ ọkùnrin tó ń pa ọkà. Abúlé Helpston ni wọ́n bí i sí ní 1793. Ní 1809, ilé aṣòfin ṣe òfin pé kí wọ́n pín ilẹ̀ àjùmọ̀lò àgbègbè náà, kí wọ́n sì ṣọgbà yí i ká. Ibi tí tálákà ti ń da ẹran, tó ti ń ṣẹ́gi ìdáná, di ti olówó. Wọ́n gé igi, wọ́n yí ojú odò padà. Clare kọ ewì kan, The Lament of Swordy Well, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lanu rojọ́ ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ó mọ ìtẹ́ ẹyẹ débi pé ó ń sọ iye ẹyin inú rẹ̀ àti àmì ara ẹyin. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá ọdẹ rí yóò mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ pé bí ìṣẹ̀dá ṣe rí nínú èrò Keats ni Keats ń kọ, kì í ṣe bí ojú ṣe rí i.

Ọpọlọ Clare dàrú nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Keje 1841, ó kúrò ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n fi í sí ní Essex, ó rin nǹkan bí 80 máìlì lọ sílé láàárín ọjọ́ mẹ́rin, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ló ń jẹ. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ní Northampton. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1864, kò sì ṣíwọ́ ewì kíkọ níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ ka ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn, Clare ni kí o wá. Fi ewì rẹ̀ lórí ìtẹ́ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀, kí o sì ka ti Swordy Well tẹ̀lé e, pàápàá bí wọ́n bá ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ rí.