Ṣé o mọ̀? Ohun ẹlẹ́mìí ń jẹ díísù

Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú epo díísù, epo náà gan-an sì ni oúnjẹ wọn. Omi tó bá wọ inú epo wúwo ju díísù lọ, ìsàlẹ̀ ife asẹ́ epo ló máa ń rọ̀ sí. Ibi tí omi ti kan epo ni àwọn kòkòrò náà ti ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà tí ẹ ń ná ọ̀nà Ìwó sí Ilé-Ogbó, bí ẹ bá tú ife náà tí ẹ bá ohun dúdú tó ń fà bí ewédú, àwọn nìyẹn. Díísù mímọ́ ni kí ẹ fi fọ ife náà, ẹ má fi omi kàn án rárá o! Kí ẹ tó dè é padà, ẹ fi ìka kan pa díísù yí rọ́bà róbótó ẹnu rẹ̀ ká.