Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Dókítà Láti Tọ́jú Ibà Dẹ́ńgì

Ọ̀rọ̀ ibà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe ibà tí gbogbo wa mọ̀. Dẹ́ńgì ni wọ́n ń pe èyí. Ẹ̀fọn náà ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti malaria tó ń jẹni lóru. Ojúmọmọ ni ti dẹ́ńgì ń jẹni, nígbà tí a wà nídìí àtẹ. Inú omi tó bá dúró sínú táyà, dúrọ́ọ̀mù àti agolo ló ń yé sí, ẹ sì mọ̀ pé ọjà wa kò ṣaláìní ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsàn ọ̀nà jíjìn ni. Láàrin ọdún 1964 sí 1968, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti rí kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe ní ilé wa níbí. Ní 2023 ó jà gan-an ní Burkina Faso, àwọn tó kú lé ní 600. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí i ní Sókótó. Àwa ńkọ́? Bí ara bá ti gbóná, malaria là ń wí, oògùn malaria là ń rà, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn kò lè ṣe nǹkan kan fún dẹ́ńgì.

Àní, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò dẹ́ńgì. Ìtọ́jú nìkan ló wà, ìtọ́jú yẹn sì wà lọ́wọ́ dókítà tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ní ìlú Bangkok, ní Táílàǹdì, àìsàn yìí kọlu àwọn ọmọdé ní 1958. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn, àwọn tó ń kú lé ní 10. Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé níbẹ̀, Dókítà Suchitra Nimmannitya. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí, tó ń wò wọ́n, tó ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀. Lórí iṣẹ́ rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1975 fún àwọn dókítà ibi gbogbo.

Kí ni wọ́n rí? Ibà dẹ́ńgì máa ń gbóná fún bí ọjọ́ 2 sí 7, lẹ́yìn náà ara á rọlẹ̀. Ìyá á ní, “Ọlọ́run ṣeun, ara ọmọ mi ti yá,” á pọ̀n ọ́n, ó di ọjà. Àṣé ìgbà yẹn gan-an ni ewu ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn kan. Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn o, ọ̀pọ̀ ló ń yá láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó bá bá jà, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò kúrò nínú iṣan fún bí wákàtí 24 sí 48, á máa lọ dúró sínú ikùn àti àyà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògì, ó máa tètè yé yín. Bí a bá da ògì sínú àpò tí a gbé òkúta lé e, omi á máa ro jáde, èyí tó kù nínú àpò á máa ki. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ki nínú ọmọ náà, tí kò fi ní ṣàn dé ibi tó yẹ mọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù. Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ dídà ló ń pani nínú dẹ́ńgì, àmọ́ jíjò yìí ló ń pani jù.

Nítorí náà, wọ́n ń kọ́ dókítà pé kó máa ka ọjọ́ ibà, kó má sì lé aláìsàn lọ sílé torí pé ara rẹ̀ tutù. Kó máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ síra láti wò ó bóyá ó ń ki. Wọ́n ń kọ́ ọ pé nígbà tí wọ́n bá fi nǹkan di apá aláìsàn tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, kó má wo nọ́ńbà òkè nìkan. Ti òkè lè dára, kí ọmọ sì ti fẹ́ bọ́. Bí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá sún mọ́ra débi pé 20 péré ló kù láàrin wọn, ọ̀ràn ti dé nìyẹn.

Omi fífà síni lára ló wá le jù. Bí omi bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á ki pa ọmọ. Bí ó bá pọ̀jù ńkọ́? Nígbà tí jíjò bá dáwọ́ dúró, omi tó ti jò síta á padà sínú iṣan, á bá èyí tí wọ́n ń fà sí i níbẹ̀, á kún ẹ̀dọ̀fóró, kò ní lè mí mọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dín in kù àti ìgbà tó yẹ kó yọ ọ́ pátápátá. Àwa ìyá aláìsàn gan-an ló sì ń pariwo pé kí wọ́n fa omi sí i.

Ìwé nìkan kò lè kọ́ni ní èyí. Ní 2009, dẹ́ńgì mú ènìyàn tó lé ní 35,000 ní Sri Lanka, ó pa àwọn tó lé ní 340. Wọ́n rán dókítà lọ sí Bangkok, wọ́n dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n kọ́ àwọn yòókù àti àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn ní wákàtí wákàtí, wọ́n sì ní ibi ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní Negombo. Ní 2017 dẹ́ńgì padà wá, ó mú ènìyàn tó lé ní 180,000. Àwọn tó kú lé ní 400. Ẹni tó bá wo 400 nìkan á ní wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ìgbà tí a ń ṣírò èrè: nínú 1,000 ènìyàn, nǹkan bí 10 ló kú ní 2009, nǹkan bí 2 sí 3 ní 2017. Bó bá jẹ́ bíi ti 2009 ni, òkú ì bá lé ní 1,700. Kì í sì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ló ṣe é. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹ̀jẹ̀, aago, ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí àti ojú tó mọ ohun tó ń wò ni.

Dókítà tó bá gba ẹ̀kọ́ yìí á bi yín pé: ọjọ́ wo gan-an ni ibà bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo ni ọmọ tọ̀ kẹ́yìn? Ẹ má dáhùn pé “ó ti ṣe díẹ̀.” Ẹ mọ ọjọ́, ẹ mọ wákàtí. Bí ibà bá lọ tí inú rírun mú un, tó ń bì ṣáá, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì tàbí imú, tí kò lè gbéra tàbí tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, kíá ni kí ẹ gbé e lọ. Paracetamol, èyí tí a ń pè ní Panadol, ni kí ẹ lò fún ara gbígbóná. Aspirin àti ibuprofen ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà. Ẹ má sì jẹ́ kí oníkẹ́mísìtì fa omi sí ọmọ yín lára nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí Ìyálọ́jà bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ bóyá dókítà wa kankan ti gba ẹ̀kọ́ yìí rí, àti ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún dẹ́ńgì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tirẹ̀ kún un, kó wá bá mi ní ìlà elùbọ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.