Iná lọ, iṣẹ́ mi pòórá: Ohun tí ẹ lè ṣe bí laptop àti mọ́nítọ̀ yín bá da nǹkan rú mọ́ yín lójú

Aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n mú iná lọ. Mo wà nídìí tábìlì mi, mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan bá mi sọ nípa bí wọ́n ṣe lé e jáde nílé tó ń gbé. Obìnrin yìí ti bẹ̀ mí pé tí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ tán, kí n pa ohùn òun tó wà lórí fóònù mi rẹ́, torí ẹ̀rù lánlọ́ọ̀dù ń bà á. Mo sì ti pa á rẹ́ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa ò ju ojú ewé kan ṣoṣo tí mi ò tíì tọ́jú pamọ́ lọ, orí mọ́nítọ̀ ńlá tí mo so mọ́ laptop ló sì wà.

Mọ́nítọ̀ kú. Laptop ní tirẹ̀ ò kú, bátìrì ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú laptop náà ṣófo: kò sí ojú ewé mi, kò sí àwọn àmì kéékèèké tí mo máa ń tẹ̀, àwòrán ẹ̀yìn nìkan ló ń wò mí. Mo ń yí máòsì kiri, mi ò rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, òógùn bò mí, kì í sì í ṣe ti ooru nìkan. Mo ti fi ìka lé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú, kí n tún un tàn. Àbúrò mi tí mo pè lórí fóònù ló pariwo: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa á o! Ẹ fa wáyà mọ́nítọ̀ yẹn yọ ná.”

Mo fa á yọ. Ojú laptop ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ni gbogbo nǹkan bá yọjú, ojú ewé mi wà níbẹ̀ láìsí lẹ́tà kan tó dín. Tí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà yẹn lápàpàǹdodo, ó ṣeé ṣe kí n má rí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Laptop ò lójú, kò rí tábìlì yín. Kò mọ̀ bóyá apá ọ̀tún lẹ gbé mọ́nítọ̀ sí tàbí apá òsì. Ohun tó ní lọ́wọ́ ò ju àwòrán kan tó yà fúnra rẹ̀ lọ: ojú kìíní rèé, ojú kejì rèé, èyí ni olórí. Ohun tó bá wà nínú àwòrán yẹn ló gbà gbọ́, kódà bí nǹkan bá ti yí padà lórí tábìlì.

Wáyà HDMI ló wá dá kún un. Wáyà yìí máa ń gbé iná díẹ̀, 5V péré, láti ara laptop lọ sínú mọ́nítọ̀. Iná yẹn ò lè tan mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ó tó láti fi dá laptop lóhùn pé “mo wà níbí, bí mo ṣe tóbi tó nìyí”. Iná ilé lọ, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, síbẹ̀ laptop ṣì ń to nǹkan síbẹ̀, bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ ka iwájú ẹni tó ti sùn. Mọ́nítọ̀ mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí iná bá ṣe lọ, laptop ti mọ̀, á sì kó gbogbo ẹrù wá sójú ara rẹ̀. Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí nǹkan bá pòórá, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fà yọ. Bí wáyà bá jìnnà, ẹ tẹ ohun tí ẹ ń wá nísàlẹ̀ ojú laptop kí ó lè mọ̀ pé òun lẹ ń bá wí, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, Shift àti ọfà òsì pọ̀, tàbí ọfà ọ̀tún. Á fò láti ojú kan sí èkejì. Ọ̀nà míì ni bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P, tó máa ń gbé nǹkan mẹ́rin síwájú yín: PC screen only, ìyẹn ojú laptop nìkan, Duplicate, ohun kan náà lójú méjèèjì, Extend, kí méjèèjì di tábìlì gígùn kan, àti Second screen only, mọ́nítọ̀ nìkan. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, orí èyí tó jẹ́ olórí ni àwọn mẹ́rin yìí máa ń yọ sí. Bí mọ́nítọ̀ tó kú yẹn bá ni olórí, ẹ ò ní rí wọn. Ẹ padà sídìí wáyà jàre.

Ibi tí èmi ti yàtọ̀ sí àwọn òyìnbó tó ń ṣe fídíò lórí YouTube rèé. Ọ̀pọ̀ wọn á ní kí ẹ fi mọ́nítọ̀ ńlá ṣe olórí. Níbi tí iná kì í lọ, wọ́n jàre. Níbi tí èmi ń gbé, laptop ló ní bátìrì, òun ló yẹ kó jẹ olórí. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Display. Ẹ ó rí àpótí méjì, 1 àti 2. Ẹ tẹ Identify kí nọ́ńbà lè hàn gàdàgbà lójú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mọ èyí tó jẹ́ ti laptop. Ẹ tẹ àpótí rẹ̀, ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ fi àmì sí Make this my main display. Láti ìgbà náà, bí iná lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, àwọn àmì kéékèèké yín ò ní kúrò níbi tí ẹ tò wọ́n sí.

Torí wàhálà kejì tí mo ní mò ń bọ̀ nídìí rẹ̀ nìyẹn. Mọ́nítọ̀ tèmi jẹ́ 1920 × 1080, laptop tòkunbọ̀ mi jẹ́ 1366 × 768. Ẹ fojú inú wò ó: ẹrù yàrá ńlá, ẹ fẹ́ kó o sínú yàrá kékeré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó di dandan kí wọ́n gun ara wọn. Iná dé padà, kò sẹ́ni tó tò wọ́n padà. Bí Windows 11 lẹ ń lò, lábẹ́ Multiple displays lójú Display kan náà, ẹ fi àmì sí Remember window locations based on monitor connection. Ohun tí ẹ ṣí sórí mọ́nítọ̀ á máa gbìyànjú láti padà síbẹ̀ bí mọ́nítọ̀ bá ti dé. Ẹni tó bá sì lówó díẹ̀ lè ra UPS kékeré. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ LED 24 inch kì í jẹ ju nǹkan bíi 20 sí 30 watt lọ, UPS á gbé e títí ẹ ó fi tọ́jú iṣẹ́ yín pamọ́.

Ẹ ò tíì kúrò lójú Display yẹn o. Ṣé máòsì yín máa ń kọlu ògiri? Ẹ tì í sápá ọ̀tún níbi tí mọ́nítọ̀ wà, kò kọjá. Ẹ tì í sápá òsì tí kò sí nǹkan kan, ó kọjá. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wo irú èyí lára ẹ̀rọ mi rí, ó ní àfi kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mi ò lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ohun tó ṣe é ò ju pé àpótí 2 wà lápá òsì nínú àwòrán, tí mọ́nítọ̀ sì wà lápá ọ̀tún lórí tábìlì. Ẹ fi máòsì fa àpótí náà lọ síbi tó bá tábìlì yín mu, ẹ tẹ Apply. Ó parí. Bó bá jẹ́ pé ó ń kọjá láàárín ṣùgbọ́n ó ń há lókè tàbí nísàlẹ̀, ojú kan ló ga ju èkejì lọ: ibi tí etí àpótí méjèèjì ti kan ara wọn nìkan ni ọ̀nà wà. Ẹ fa àpótí kékeré sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ọ̀nà á fi bọ́ síbi tí ọwọ́ yín máa ń gbà.

Bí lẹ́tà bá tóbi lójú kan tó kéré lójú kejì, Scale ni kí ẹ yí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ṣe bàìbàì, ẹ yan Display resolution tí wọ́n kọ Recommended sí lára. Ẹni tó fi tẹlifíṣàn ṣe mọ́nítọ̀, tí etí rẹ̀ sì ń jẹ nǹkan, ẹ má wulẹ̀ dààmú laptop. Inú ètò tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti wá Just Scan tàbí Screen Fit. Bó bá jẹ́ wáyà USB-C lẹ kì bọ̀ ọ́ tí ohunkóhun ò hàn, kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán, ọ̀pọ̀ wáyà tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù náà kì í gbé e.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni Duplicate. Bí ẹ bá so laptop mọ́ ojú ńlá níwájú èrò, ohun tó wà lójú yín lè wà lójú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí iná lọ yẹn, mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ́ fi ojú kọ̀ǹpútà mi hàn wọ́n. Entire screen ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ bá, lójú mọ́nítọ̀ tí orúkọ obìnrin yẹn àti àdúgbò rẹ̀ wà. Mo gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, mo yan Window, mo mú ojú ewé kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kọ́ wọn. Mo kọ́kọ́ pa ojú ewé tirẹ̀ dé ná, kí n tó tẹ Share.