Búláìndì Ìta ní Clear Lake: Kí A Tó Fi Owó Sílẹ̀

Ní ọdọọdún, bí oṣù Karùn-ún bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa tó ń gbé ní Clear Lake máa ń bi wá: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo búláìndì tí wọ́n fẹ́ so sí ìta ilé wa yìí. Ṣé owó rẹ̀ kò pọ̀ jù?” Ìṣirò owó ni iṣẹ́ wa, a kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n a ti ra búláìndì ìta rí, a ti pàdánù rẹ̀ rí, ohun tí a sì rí kọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ ní abala yìí.

Búláìndì ìta tí à ń wí ni aṣọ oníhò wẹ́wẹ́, igi tàbí alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí à ń so sí ìta fèrèsé tàbí sí ẹnu fàráńdà ẹ̀yìn ilé, tí a lè ká sókè tàbí kí a sọ sílẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni nẹ́ẹ̀tì oòrùn, nẹ́ẹ̀tì dúdú tó ki, tí à ń fi sí ara fèrèsé láti ìta, tí kì í ká.

Kí ló dé tí a fi ń so ó síta?

Bí oòrùn bá ti gba inú gíláàsì kọjá, ó ti di ooru nínú ilé. Kọ́tìnnì inú yàrá yóò dá díẹ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ti di àlejò wa, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò sì náwó lé e jáde. Department of Energy, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná àti epo, sọ pé nígbà ooru, nǹkan bí ìdá 76 nínú 100 agbára oòrùn tó bá kan fèrèsé onígíláàsì méjì ló ń wọlé láti di ooru. Iléeṣẹ́ yìí kan náà sọ pé ìbòrí tí a bá kàn sókè fèrèsé láti ìta, èyí tí wọ́n ń pè ní awning, lè dín ooru oòrùn tó ń wọlé kù dé ìdá 65 nínú 100 fún fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, àti ìdá 77 fún èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àtíbàbà tí àwọn bàbá wa fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, ọgbọ́n kan náà ni. Ẹni tó bá ka ìwé ní Ìbàdàn yóò rántí ògiri oníhò tí Maxwell Fry àti Jane Drew fi sí àwọn ilé yunifásítì náà, kí atẹ́gùn lè wọlé kí oòrùn sì dúró síta. Ẹni tó bá ka ìwé ní Ifẹ̀ yóò rántí àwọn ilé Humanities tí Arieh Sharon yàwòrán wọn, tí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ó sì ń ṣíji bo fèrèsé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Clear Lake, ọ̀pọ̀ ilé tí a rà ni wọn kò ro èyí mọ́ kíkọ́ wọn. Àwa ni a máa fi kún un.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí fèrèsé yín kọjú sí

Kí ẹnikẹ́ni tó fi kátálọ́ọ̀gì hàn yín, ẹ mọ ìhà tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Oòrùn ti ibí kò rìn bí ti ilé. Ní oṣù Kẹfà, ní ọ̀sán gangan, orí wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tààrà, nítorí náà etí òrùlé lásán tó láti ṣíji bo fèrèsé gúúsù. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn á lọ sílẹ̀, á gba abẹ́ òrùlé wọlé láti ìwọ̀ oòrùn, kò sì ní wọ̀ títí aago mẹ́jọ alẹ́ fi kọjá. Ìgbà yẹn gan-an ni ara ilé ti gbóná láti àárọ̀, tí àwọn ọmọ ti dé, tí iná ìdáná sì ń jó. Ní oṣù Kejìlá ẹ̀wẹ̀, oòrùn á wà nílẹ̀ ní ìhà gúúsù, á sì máa mú yàrá lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá bo fèrèsé gúúsù pa pátápátá ti ta èrè yẹn nù.

Nítorí náà, fèrèsé ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ bò. Ti ìlà oòrùn ló tẹ̀ lé e. Ti àríwá lè má nílò nǹkan kan. Bí iyèméjì bá wà, ẹ gbé ọwọ́ lé inú gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Keje. Ọwọ́ yín yóò sọ fún yín.

2. Irú èwo ni kí a rà?

Clear Lake kò jìnnà sí Galveston Bay. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú atẹ́gùn wa, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Búláìndì ọparun tó dára lójú nínú ṣọ́ọ̀bù máa ń bu níbí. Aṣọ oníke oníhò ló dára jù. Ní ti irin rẹ̀, alumíníọ̀mù tí a kùn dáadáa ni kí ẹ béèrè, kí síkúrù rẹ̀ sì jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Síkúrù olówó pọ́ọ́kú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, bíríkì ilé yín ni yóò sì fi àmì ìpẹtà sí.

Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ 3, 5 tàbí 10. Ìwọ̀n ihò ara aṣọ náà nìyẹn, nínú 100. Bí ó bá ti kéré tó ni oòrùn tó ń wọlé ṣe dín kù tó, bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù. Fún fèrèsé ìwọ̀ oòrùn, 5 tàbí kí ó kéré sí i. Fún fàráńdà tí ẹ fẹ́ jókòó sí gba atẹ́gùn, 10 ṣe é lò. Aṣọ aláwọ̀ dúdú ni ó ń jẹ́ kí a ríta dáadáa láti inú ilé.

Nǹkan mẹ́ta tí kò ṣeé fojú fò dá. Èkíní, fèrèsé yàrá ìsùn jẹ́ ọ̀nà àsálà bí iná bá sọ. Ẹ má so ohunkóhun tí a kò lè tètè ṣí láti inú mọ́ ọn. Ìkejì, okùn gígùn tó ń dirọ̀ lè lọ́ mọ́ ọrùn ọmọdé. Ẹ ra èyí tí kò ní okùn. Ìkẹta, bí ẹ bá ra èyí tó ń fi iná ká ara rẹ̀, ẹ rí i pé a lè fi ọwọ́ ká a bí iná bá lọ, kí ẹni tí yóò sì fa wáyà rẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ iná tó ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ Texas.

3. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó ra ọjà

Ọ̀pọ̀ àdúgbò Clear Lake ló wà lábẹ́ HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tó ní òfin lórí ohun tó bá yí ojú ilé padà. Àwọ̀, irú rẹ̀ àti ibi tí a so ó sí lè kàn wọ́n, pàápàá bí ó bá kọjú sí títì. Ẹ kọ ìwé, ẹ so àwòrán àti àpẹẹrẹ àwọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì dúró de èsì lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu aládùúgbò kì í ṣe àṣẹ.

Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, ẹ má kàn gbà bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, òfin Texas sọ pé ẹgbẹ́ tí ilẹ̀ ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ju 40 lọ gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ àtúnṣe tí wọ́n fẹ́. Onílé ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti béèrè pé kí ìgbìmọ̀ wọn gbọ́ tẹnu òun.

4. Ìjì àti ìnṣọ́ránsì: ibi tí ó ti dùn wá

Búláìndì ìta kì í ṣe ohun ààbò fún ìjì ńlá, àfi irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un tí wọ́n sì dán wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń rà, ìgbòkun ni wọ́n bí atẹ́gùn bá dé.

Ní ọdún 2023, a ra mẹ́ta fún fàráńdà ẹ̀yìn wa ní $1,650. Ní ọdún yẹn kan náà, a fi nẹ́ẹ̀tì oòrùn méjì sí fèrèsé ìwọ̀ oòrùn yàrá àlejò ní $240, a kò tilẹ̀ kà á sí nǹkan. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Keje 2024, ìjì Beryl gba etí òkun nítòsí Matagorda wọlé, ó sì kọjá sí Houston. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a ti kó àga àti ìkòkò òdòdó wọlé. Búláìndì, a kàn ká a sókè ni, a kò dè é, a kò sì tú u. Atẹ́gùn já ọ̀kan, ó fẹ̀ ẹ́ bí ìgbòkun, ó sì fa pákó etí òrùlé tí a kàn án mọ́ ya. Òjò gba ibẹ̀ wọ inú àjà.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ $2,900. A gbé ìwé ìnṣọ́ránsì jáde pẹ̀lú ìdánilójú. Ilé náà, $320,000 ni a fi bò ó. Deductible, ìyẹn iye tí onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti àpò ara rẹ̀ san, jẹ́ ìdá 2 nínú 100 fún ọ̀ràn ìjì. Ìdá 2 nínú 100 yẹn kì í ṣe ti àtúnṣe o, ti iye tí a fi bo ilé ni: $6,400. Àtúnṣe wa kò dé ibẹ̀, nítorí náà kọ́bọ̀ kò wọlé. Àwa tí à ń ka ìwé owó fún àwọn ẹlòmíràn, a kò ka tiwa!

Ẹ lọ wo ìwé yín lónìí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ wind and hail sí, kí ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ náà fúnra yín. Àwọn ará wa tó ń gbé ní ìlà oòrùn ọ̀nà 146, bíi Seabrook, lè ní ìwé ìjì lọ́tọ̀ láti ọ̀dọ̀ Texas Windstorm Insurance Association. Kí wọ́n wo méjèèjì.

Oníbàárà iná tó lé ní mílíọ̀nù 2 ni Beryl mú iná lọ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwa fi wà láìsí iná, nínú ooru oṣù Keje. Ìyá wa, tó wá láti ilé kí ó lè rí ọmọ-ọmọ rẹ̀, wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, pálọ̀ kò ṣeé jókòó sí. Yàrá àlejò tí nẹ́ẹ̀tì $240 wà lójú fèrèsé rẹ̀ ni ara ti ń tu ìyá díẹ̀, nítorí a lè ṣí gíláàsì kí atẹ́gùn wọlé, kí oòrùn sì dúró síta. Ibẹ̀ ni gbogbo wa kó sí. Ohun tó wọ́n tó sì dára lójú ti ba òrùlé jẹ́; ohun kékeré tó wà níbi tó yẹ ló tọ́jú ìyá wa.

5. Ìṣirò owó rẹ̀

Ẹ mú bíìlì iná oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹjọ. Ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iná tí ẹ̀rọ amúlétutù jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìyàtọ̀ náà jẹ́ kilowatt-hour 1,200, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ́ǹtì 15: $180 nìyẹn lóṣù. Bí búláìndì bá dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kù, $18 ni lóṣù, $90 fún oṣù márùn-ún ooru. Bí gbogbo rẹ̀ bá ná yín ní $900, ọdún mẹ́wàá ni ẹ ó fi gbà á padà, nígbà yẹn aṣọ rẹ̀ lè ti gbó. Nítorí náà, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní yóò san owó ara rẹ̀ padà ní ọdún méjì. Fèrèsé ìwọ̀ oòrùn nìkan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ olówó ńlá ló ń dùn.

Bí ontajà bá sọ pé ẹ ó rí ẹ̀dínwó owó orí gbà, ẹ dá a dúró. Ẹ̀dínwó ìjọba àpapọ̀ fún fèrèsé, ilẹ̀kùn àti irú wọn parí sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2025, búláìndì ìta kò sì sí lára àwọn ohun tó kàn. Síbẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì ohun tí ẹ bá kàn mọ́ ilé títí lọ. Ó lè kún iye tí ilé ná yín, èyí tó máa dín èrè tí wọ́n ń wò fún owó orí kù lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á.

Bí wọ́n bá wá tajà fún yín nínú ilé, tí ó tó $25 sókè, ìlànà Federal Trade Commission fún yín ní àǹfààní láti fagi lé e títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ iṣẹ́ kẹta. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní fọ́ọ̀mù rẹ̀. Èyí kò kan ọjà tí ẹ lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìpínlẹ̀ Texas kì í sì fún kọńtírátọ̀ ilé ní láísẹ́ǹsì gbogbogbòò, nítorí náà ẹ béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì ẹni tí yóò gun àkàbà lára ilé yín, kí ẹ má sì san gbogbo owó ṣáájú iṣẹ́.

Lákòótán, ẹ jẹ́ kí á tò ó báyìí: ìhà tí fèrèsé kọjú sí, ìwé àṣẹ, ìwé ìnṣọ́ránsì, lẹ́yìn náà ni kátálọ́ọ̀gì. Àkókò ìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ó sì ń lọ títí di ìparí oṣù Kọkànlá. Ẹ kọ ẹni tí yóò máa tú búláìndì sílẹ̀ bí ìkìlọ̀ ìjì bá dé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilé á tù wá lára o.