Eku, Eruku àti Àkóràn: Bí Ibà Lásà Ṣe Ń Ràn àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀ ní Etíkun Ìlàjẹ

1. Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni àrùn tí eku ń kó bá ènìyàn láìjẹ́ pé ó gé e jẹ. Bí a bá dárúkọ eku láàrin àwa Yorùbá, òfò ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn: aṣọ tí ó gé, àpò gaàrí tí ó dá lu, àwọ̀n tí ó já. Ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí a bí òǹkọ̀wé bébà yìí sí, ẹni tí eku bá já àwọ̀n rẹ̀ a máa ṣírò owó tí yóò fi ra òwú mìíràn. Kì í ronú nípa ìtọ̀ tí eku náà tọ̀ sára àwọ̀n. Èrò wa ni pé ìtọ̀ yìí ni ewu tí ó tóbi jù, àti pé bí a kò bá lóye ọ̀nà tí ó ń gbà dé ara ènìyàn, ìmọ́tótó tí a fi ń dáàbò bo ara wa gan-an lè ṣílẹ̀kùn fún àrùn.

A ó kọ́kọ́ wo ìtàn àrùn méjì tí ó ti ara eku wá, èyíinì ni hantavirus àti ibà Lásà. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣàlàyé bí ibà Lásà ṣe ń ràn, nítorí òun ni ó ń jà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ìparí, a ó sọ̀rọ̀ lórí ìdènà tí ó bá ilé orí omi mu.

2. Àrùn méjì, ọ̀nà kan

Nígbà ogun Kòríà, láàrin 1950 sí 1953, ibà kan tí ń ba kíndìnrín jẹ́ kọlu àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ju 3,000 lọ. Ní 1976 ni Ho Wang Lee, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Kòríà, rí kòkòrò àìfojúrí tí ó fa ibà náà lára eku pápá kan. Odò Hantan ni a fi sọ kòkòrò náà lórúkọ. Ní 1993, irú rẹ̀ mìíràn, tí ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró, pa ènìyàn ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Eruku tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ti gbẹ mọ́ ni olórí ọ̀nà tí ó ń gbà ràn. A kò sì lè pè é ní ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan, nítorí ní 2006, àwọn oníwàádìí kéde pé wọ́n rí hantavirus lára eku igbó kan ní Sangassou, ní orílẹ̀-èdè Gínì.

Ti ibà Lásà bẹ̀rẹ̀ nílé wa níhìn-ín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, dùbúlẹ̀ àìsàn ní ìlú Lassa, ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Nàìjíríà. A gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kó àrùn náà, òun náà sì kú. Ẹnì kẹta, Penny Pinneo, kó o, ṣùgbọ́n ó yè é lẹ́yìn tí a gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Yunifásítì Yale ni a ti dá kòkòrò náà mọ̀, a sì fi orúkọ ìlú Lassa pè é.

Ìdílé kòkòrò méjèèjì yàtọ̀ síra. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé eku tí ó gbé wọn kì í sábà ṣàìsàn. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń bímọ, ó sì ń tọ àrùn sílẹ̀ níbikíbi tí ó bá gbà kọjá.

3. Bí ibà Lásà ṣe ń ràn

Eku tí a mọ̀ jù mọ́ àrùn yìí ni Mastomys natalensis, eku kékeré tí abo rẹ̀ ní orí ọmú púpọ̀, tí ó sì fẹ́ràn láti máa gbé inú ilé àti àká. Ṣùgbọ́n ní 2016, Ayodeji Olayemi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí kòkòrò náà lára irú eku méjì mìíràn. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn wo eku kan lójú kí ó sọ pé eléyìí kò léwu.

Ọ̀nà tí àrùn ń gbà ti ara eku dé ara ènìyàn jẹ́ mẹ́rin. Èkínní ni oúnjẹ tí eku tọ̀ tàbí yàgbẹ́ sí. Èkejì ni kí ọwọ́ kan ìdọ̀tí eku, kí a sì fi ọwọ́ náà kan ẹnu, ojú tàbí egbò. Ẹ̀kẹta ni eruku tí a fà símú. Ẹ̀kẹrin ni pípa eku àti pípa á lára láti fi jẹun. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn lè kó o ran ènìyàn nípa ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì àti omi ara mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Charlotte Shaw. Kíkí ara ẹni tàbí jíjókòó pọ̀ lásán kì í kó o ranni.

Kò sí ìgbà tí ibà yìí kì í ṣẹlẹ̀ nínú ọdún, ṣùgbọ́n àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni ó máa ń pọ̀ jù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2020, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà ju 1,000 lọ, Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó pọ̀ sí jù. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, agbègbè Ọ̀wọ̀ ni a ti máa ń rí i jù.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ fi kan ará Ìlàjẹ tí ń gbé orí omi? Ìdáhùn wa ni pé ọjà ni ó so wọ́n pọ̀. Àwọn ará omi ń ta ẹja, wọ́n sì ń ra gaàrí, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti òkè. Àpò gaàrí tí a gbé sínú ọkọ̀ ní Igbókòdá kò bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ níbẹ̀. Eku lè bá ẹrù wọkọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ lè wà lára àpò. Ènìyàn tí ó ti kó àrùn náà sì lè dé láìsí àmì kankan lára rẹ̀, nítorí ó lè tó ọjọ́ 2 sí 21 kí ibà tó bẹ̀rẹ̀.

4. Ìdènà nínú ilé orí omi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ilé onípákó tí a gbé lé orí òpó kò ṣeé dí pátápátá; oúnjẹ inú rẹ̀ ni a lè dé. Kí a má fi gaàrí sílẹ̀ nínú àpò. Kí a dà á sínú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí tí ó le. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn apẹja ju ẹnikẹ́ni lọ. Gaàrí tí a fi omi tútù rẹ mu nínú ọkọ̀ kò rí iná kí ó tó dé ẹnu. Bí eku bá ti tọ̀ sí i, kò sí ohun tí ó pa kòkòrò inú rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Bákan náà ni kí a dé ẹja yíyan.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbálẹ̀ ni ó kàn. Ọmọlúwàbí obìnrin ilé a máa jí gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwà tí ó yẹ fún ìyìn sì ni. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ eku gbígbẹ bá wà nílẹ̀, ọwọ̀ gbígbẹ ni yóò gbé e dìde sí imú ẹni tí ń gbálẹ̀ àti ọmọ tí ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a ṣí fèrèsé, kí a fi omi ọṣẹ tàbí omi apakòkòrò rin ibẹ̀ gbingbin, kí a dúró díẹ̀, kí a wá fi àkísà nù ún. Kí a fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá bo ọwọ́. Kí a má fi ọwọ́ lásán mú òkú eku, kí a má sì jù ú sómi tí a ń wẹ̀. Kí a sin ín, tàbí kí a sun ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ààrò tí a fi ń yan ẹja.

Fífọ ọwọ́ pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú omi iyọ̀. Ilé tí ó bá ń gbe omi òjò ní láti ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọwọ́ fífọ̀, kí ó má jẹ́ ti mímu nìkan.

5. Nígbà tí ibà bá dé

Ibà Lásà a máa bẹ̀rẹ̀ bí ibà tí ẹ̀fọn ń fà: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́. Ọ̀nà ọ̀fun àti àyà dídùn àti èébì lè tẹ̀lé e. Bí ó bá le, ojú lè wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde lára. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá kó o, nǹkan bí 8 ni kò ní ṣàìsàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú 100 tí ó le débi pé a dá wọn dúró sílé ìwòsàn, nǹkan bí 15 ni ó ń kú. Aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pọ̀ ni ó wà nínú ewu jù. Ìdámẹ́rin àwọn tí ó yè é ni etí wọn lè di, fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí ayé.

Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún un. Oògùn ribavirin ni a ń lò, ó sì sàn kí a tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ìrìn àjò fi jẹ́ apá kan ìṣòro náà. Aláìsàn láti Ayétòrò ní láti wọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, kí ó gba Òkìtìpupa, Oǹdó àti Àkúrẹ́ kí ó tó dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, níbi tí a ti ń tọ́jú ibà Lásà. Bí ó bá ti lo ọjọ́ mẹ́rin nídìí oògùn ibà tí ó rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí oògùn ibà kò bá mú ara rọ̀ lọ́jọ́ méjì, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Kí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn má fi ọwọ́ lásán kan èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì kú, kí a má wẹ̀ ẹ́ fúnra wa.

6. Ìkádìí

Ìmọ̀ràn tí a máa ń fún àwọn ènìyàn wa lórí àrùn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àyíká mọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ìyá tí ó gbọ́ ọ yóò mú ọwọ̀, yóò sì gbálẹ̀ gbígbẹ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè ni ó yẹ kí a bá àwọn elétò ìlera ṣe é, kí ọ̀rọ̀ náà fi ọ̀nà hàn: dé gaàrí, rin ilẹ̀ kí o tó nù ún, má ṣe fi ibà ṣeré ju ọjọ́ méjì lọ. Gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí kò ṣòro láti sọ ní ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ, wọ́n sì lè gba ẹ̀mí là.