Owó Andy, Ẹ̀mí Merit

Ẹ̀yin ará wa ní Dílímí, fíìmù Living in Bondage, tí Kenneth Nnebue ṣe ní èdè Ìbò ní 1992, kò tíì tán lẹ́nu wa. Andy rí ọrọ̀ Paulo, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojúkòkòrò mú un. Ẹgbẹ́ awo ní kí ó fi aya rẹ̀ rúbọ. Ó kọ́kọ́ fi aṣẹ́wó kan rọ́pò, wọ́n kọ̀. Ni ó bá mú Merit lọ. Owó dé, òkú Merit sì ń yọ sí i.

Àwọn ọkùnrin wa ní Paulo ni ó jẹ̀bi. Àwọn ìyàwó wa bèèrè pé: aṣẹ́wó yẹn ńkọ́, òun kò ní ìyá ni? A dákẹ́. Owó ni ó sá gbé àwa náà dé Jos. Èrè ọjà wọn ni a sì ń jẹ kí owó oṣù tó dé.